Ṣé Sẹ́ńsọ̀ Tọ́rọ́tù Ló Bàjẹ́ Lóòótọ́? Àlàyé fún Ẹni Tó Ní Alùpùpù Àtijọ́

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní sẹ́ńsọ̀ tọ́rọ́tù ni."

Àṣíborí ṣì wà lórí ọ̀dọ́mọkùnrin náà nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Páwà-báìkì tòkúnbọ̀ ló gùn dé ṣọ́ọ̀bù mi ní Àgbádárìgì, onísílíńdà mẹ́rin, ọjọ́ orí báìkì náà á sì ti sún mọ́ ọdún 20. Ó ní tí òun bá rọra ń lọ ní ìwọ̀n kìlómítà 50 ní wákàtí kan, báìkì á máa tì, á máa fà, bí ẹni tí òsúkè ń ṣe. Tí òun bá fún un níná dáadáa, á já gbà, á sá lọ geere. Tí òun bá tún dẹwọ́, òsúkè tún dé. Wọ́n ti bá a pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ níbì kan, tòkúnbọ̀ ni wọ́n fi sí i. Owó lọ, òsúkè kò lọ.

Iṣẹ́ rìwáyà ni mò ń ṣe, alùpùpù ni mo sì yàn láàyò. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń gbé wá bá mi, mi ò rí èyí tí wọ́n ń dá lẹ́bi láìjẹ̀bi tó sẹ́ńsọ̀ yìí. Ó máa ń dùn mí, nítorí owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, bẹ́ẹ̀ mítà tí a fi ń wọn iná, tí kò wọ́n rárá, lè sọ òótọ́ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun tó jẹ́ kó máa rú èèyàn lójú ni pé ó lè bàjẹ́ kí iná FI, iná ìkìlọ̀ ẹ́ńjìnnì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, má tàn rárá. Iná FI náà sì lè tàn, kó dárúkọ rẹ̀ gan-an, kó jẹ́ pé ara rẹ̀ le koko.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́. Nínú alùpùpù tó ń lo injector, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fọ́n epo fún ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ ń gba inú ihò kan tí à ń pè ní throttle body wọ ẹ́ńjìnnì. Àwo pẹlẹbẹ róbótó kan wà nínú ihò yẹn bí ìlẹ̀kùn. Bọtafuláì ni àwa ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù. Tí ẹ bá yí ọwọ́ láti fún un níná, okùn á fa ìlẹ̀kùn náà ṣí. Ọ̀pá tí ìlẹ̀kùn yẹn ń yí lé lórí máa ń yọrí síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ibẹ̀ ni wọ́n de sẹ́ńsọ̀ mọ́: ike dúdú kékeré, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju orí àtàǹpàkò méjì lọ, wáyà mẹ́ta ló wọ inú rẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe. Ó ń sọ fún brain box, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ́ńjìnnì, bí ìlẹ̀kùn náà ṣe ṣí tó.

Ẹni tó bá ti lo rédíò àtijọ́ rí ti mọ bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹ rántí kókó tí à ń yí láti mú ohùn rédíò lọ sókè tàbí wá sílẹ̀. Nínú rẹ̀, wọ́n fi kábọ̀nù tẹ́ ọ̀nà kan tó tẹ̀ bí oṣù tuntun, apá irin tín-ín-rín kan sì ń rìn lórí ọ̀nà náà. Bí apá irin yẹn bá ṣe rìn tó ni iná tó ń jáde ṣe ń pọ̀ sí i. Sẹ́ńsọ̀ tọ́rọ́tù àtijọ́ kò yàtọ̀ sí èyí. Brain box á fi wáyà kan fún un ní iná fóòtì 5, wáyà kejì jẹ́ earth (èyí tó ń dá iná padà sí orí òdì bátìrì), wáyà kẹta ló ń gbé èsì padà. Tí ìlẹ̀kùn bá wà ní títì, èsì yẹn á wà láàárín ìdajì fóòtì sí fóòtì 1 àti díẹ̀, ó kù sọ́wọ́ irú báìkì. Tó bá ṣí gbayawu, èsì á tó bíi fóòtì 4, tàbí kó fi díẹ̀ lé e.

Ẹ tún rántí bí rédíò yẹn ṣe ń ṣe tó bá ti dàgbà. Ẹ fọwọ́ kan kókó, á máa há kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ohùn á lọ, á tún dé. Kì í há níbi gbogbo. Ibi tí Bàbá máa ń gbé e sí láràárọ̀ láti gbọ́ ìròyìn, ibẹ̀ ló ti ń há, torí pé ibẹ̀ ni apá irin ti fi ẹsẹ̀ tẹ kábọ̀nù títí tó fi jẹ. Tí ẹ bá yí i kọjá ibẹ̀, ohùn á tún mọ́ roro.

Bí ti alùpùpù ṣe rí náà nìyẹn. Ta ló ń ṣí tọ́rọ́tù gbayawu látàárọ̀ ṣúlẹ̀? Ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì tí a ní yìí, sún kẹrẹ fà kẹrẹ, kòtò, ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà, ó ní bí ọwọ́ ṣe lè ṣí mọ. Ìdámẹ́rin ìṣísílẹ̀ tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni apá irin inú sẹ́ńsọ̀ ń gbé. Ẹ́ńjìnnì tún ń gbọ̀n ọ́n lójú kan náà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn ọdún 15 tàbí 20, ọ̀nà kábọ̀nù ti ṣá níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ní sẹ́ńsọ̀ tó gbó fi ń sọ pé báìkì òun ń súkè tí òun bá rọra ń lọ, àmọ́ tí kì í ṣe nǹkan kan tí òun bá ń sáré.

Òsúkè yẹn gan-an, ibo ló ti ń wá? Brain box kì í wo bí ìlẹ̀kùn ṣe ṣí nìkan, ó tún ń wo bó ṣe yára ṣí. Tí èsì bá fò láti fóòtì 0.9 sí 1.4 lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tó máa rò ni pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un níná lójijì, ẹ fẹ́ yọ mọ́tò kan sílẹ̀. Á da epo kún un. Kó tó mí, èsì ti já wálẹ̀, á ní ẹ ti dẹwọ́, á gé epo. Gbogbo ìgbà tí èyí ń ṣẹlẹ̀, ọwọ́ yín kò mì. Brain box ò ṣìwà hù rárá. Ìròyìn èké ni wọ́n ń fún un, ó sì ń fi òótọ́ inú ṣiṣẹ́ lé e lórí. Sìlóò, ìyẹn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ ò fún un níná, náà lè máa lọ sókè sódò fún ìdí kan náà, báìkì lè kú lẹ́nu iná pópó, epo sì lè máa tán ju bó ṣe yẹ.

Ọ̀rọ̀ iná FI ló kàn, nítorí òun ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Brain box ní ààlà tó pa fún sẹ́ńsọ̀ yìí. Tí èsì bá já wálẹ̀ sí nǹkan bí òdo, tàbí tó gòkè dé nǹkan bíi fóòtì 5, ó mọ̀ pé irọ́ ni, á tan iná. Ṣùgbọ́n tí èsì bá ń fò láàárín 0.9 sí 1.4, inú ààlà ló ṣì wà. Ọ̀rọ̀ tó ṣeé gbà gbọ́ ni. Kò ní tan iná kankan. Báìkì á máa súkè, dáṣíbọ́ọ̀dù á mọ́ láú, ẹni tó ń gbára lé iná nìkan á sì máa pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀.

Lódìkejì, tí iná bá tàn tó sì pe sẹ́ńsọ̀ yìí lórúkọ, ohun tó ń sọ ni pé èsì tó dé ọ̀dọ̀ òun kọjá ààlà. Kò mọ̀ bóyá sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́ ni tàbí wáyà ló já, tàbí ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì ló jẹ. Lójú tirẹ̀, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ máa rí nọ́ńbà rẹ̀: lára Honda tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, á ṣẹ́jú wéré lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, Suzuki á kọ C14, Kawasaki á sọ 11, Yamaha á sọ 15, tàbí 16 tó bá rí i pé èsì dúró gbagidi sójú kan. Àdúgbò ni nọ́ńbà yẹn júwe fún yín. Ilé tí ọ̀ràn wà, ẹ̀yin lẹ máa fẹsẹ̀ rìn débẹ̀.

Kí n tó lọ sórí mítà, ẹ jẹ́ kí n yanjú ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ọlọ́kadà máa ń bi mí. Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tó ń gbé èrò lọ sí Àjàrà tàbí Sẹ̀mẹ̀, kábúrétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ láìsí injector) ló ń lò, kò sì ní sẹ́ńsọ̀ yìí rárá. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tà á fún yín, ẹ bi í pé kó fi ibi tó máa so ó mọ́ hàn yín. Àwọn báìkì oníkábúrétọ̀ kan wà lóòótọ́ tó ní in, àgàgà àwọn ńlá tó jáde ní ọdún 1990 sókè, àmọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe lára wọn ni kó ran ìgbà tí púlọ́ọ̀gì ń ta iná lọ́wọ́. Kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú epo. Injector lórí alùpùpù kì í ṣe nǹkan àná: Kawasaki ti gbé Z1000-H1 jáde ní 1980. Àmọ́ àwọn tí à ń rí jù ní tòkúnbọ̀ níbí ni àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sí dé nígbà tí Suzuki fi injector sí GSX-R750 ti 1998, tí Honda ṣe é fún CBR600F4i ti 2001, tí Yamaha náà sì ṣe é fún R1 ti 2002. Ẹ ṣírò ọjọ́ orí wọn, ẹ máa rí ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń pọ̀ báyìí.

Ó tó, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin wa.

Mi ò fọwọ́ kan sẹ́ńsọ̀. Ẹ̀yìn báìkì ni mo kọ́kọ́ lọ, mo fi ìka gbé ṣéènì. Ṣéènì tó bá dẹ̀ jù máa ń ṣe irú òsúkè yìí gẹ́lẹ́ tí èèyàn bá ń rọra lọ, torí ó máa ń nà, á tún dẹ̀, á tún nà. Mìlímítà 25 sí 35 ni ọ̀pọ̀ báìkì ń fẹ́ kí ṣéènì máa mì sókè sódò. Tirẹ̀ dára. Mo yí ọwọ́ iná, mo wo bí okùn ṣe dẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí fa ìlẹ̀kùn: mìlímítà 2 sí 4 dára; tó bá dẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ tó ń já lójú kòtò á máa mú báìkì fò. Ìyẹn náà dára. Mo bi í níbi tó ti ń ra epo. Ẹni tó bá ń ra epo inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà, mo máa ń ro omi sí i kí n tó ro ohun mìíràn. Ó ní ilé epo ni.

Mo wá gba ike afọ́nmi lọ́wọ́ aládùúgbò mi tó ń ṣe irun, mo fọ́n omi díẹ̀díẹ̀ sí àyíká àwọn rọ́bà tó so throttle body mọ́ ẹ́ńjìnnì, báìkì wà ní sìlóò. Tí rọ́bà yẹn bá ti sán, afẹ́fẹ́ á máa gba ibẹ̀ yọ́ wọlé. Tí omi bá bo ojú ibi tó sán, ìró ẹ́ńjìnnì á yí padà. Àwọn kan ń fi èròjà tí wọ́n fi ń fọ kábúrétọ̀ ṣe é. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, torí sáléńsà gbígbóná wà nísàlẹ̀, nǹkan tó ń gbiná sì ni èròjà yẹn. Ìró kò yí padà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni bátìrì. Mo gbé ẹ́ńjìnnì sókè díẹ̀, mítà sọ fóòtì 14.1. Láàárín 13.5 sí 14.8, ọkàn yín balẹ̀. Kò sí bí brain box ṣe lè wọn nǹkan kan tọ́ tí iná tí òun fúnra rẹ̀ ń jẹ kò bá dúró.

Ìgbà yìí ni mo tó gbé tánkì sókè, mo sì fa sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ yọ. Mo pe ọmọkùnrin náà, mo ní kó tan iná fóònù rẹ̀ sí i. Ihò mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Irin inú ihò àkọ́kọ́ ń dán. Ti àárín ṣókùnkùn díẹ̀. Ti ẹ̀gbẹ́ kẹta, earth, kò dán rárá: ó ti hu nǹkan aláwọ̀ ewé tó rí bí èéhù ara búrẹ́dì, rọ́bà kékeré tó yẹ kó dí ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn sì ti sá sẹ́yìn kúrò láyè rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ iyọ̀ ni. Àwa tí a wà lẹ́bàá ọ̀sà, tí òkun kò sì jìnnà sí, ń fi ojú wa rí ohun tó ń ṣe sí páànù òrùlé àti géètì. Inú sọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré ńkọ́? Bàbà ni irin ibẹ̀, tí iyọ̀ àti ọ̀rinrin bá bá a, á hu èéhù. Iná ńlá tó ń gbé mọ́tọ̀ ìstátà lè já èéhù kọjá, àmọ́ iná sẹ́ńsọ̀ yìí kéré débi pé èéhù tín-ín-rín ti tó láti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Tí earth sẹ́ńsọ̀ kò bá sì dúró, èsì kì í lọ sílẹ̀, ńṣe ló ń gòkè, brain box á rò pé tọ́rọ́tù ṣí ju bó ṣe ṣí lọ.

Mo dá sọ́kẹ́ẹ̀tì padà, mo ki pínnì tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí wáyà ti ń wọlé, kí mítà lè rí irin fọwọ́ kàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pínnì gún ara wáyà. Ihò tí ẹ bá lu síbẹ̀, afẹ́fẹ́ Àgbádárìgì á gba ibẹ̀ wọlé, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ẹ ti dá àìsàn mìíràn sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà ní ṣíṣí, ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́. Wáyà fóòtì 5: 4.98. Ó dára; láàárín 4.75 sí 5.25 la máa ń fẹ́. Wáyà earth sẹ́ńsọ̀ sí orí òdì bátìrì: ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo, kó má ju 0.1 lọ. Ó sọ 0.3. Mo fi ìka kan mi wáyà náà jẹ́jẹ́, ó di 0.8. Mo gbé mítà sí wáyà èsì: 0.7. Mo tún mi wáyà earth: 1.3, 0.7, 1.5. Ọwọ́ iná wà ní títì pa, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ọmọkùnrin náà ò sọ̀rọ̀. Ó kàn ń wo ojú mítà.

Mo ní ṣé sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n tú kúrò ṣì wà. Ó ki ọwọ́ bọ inú báàgì, ó mú un jáde nínú náílọ́ọ̀nù. Mo wọ̀n ọ́n níṣojú rẹ̀. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Irin tuntun ni mo fi sí ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo fọ àwọn méjì tó kù, mo wá rọ́bà tó dí ẹnu rẹ̀, mo fi gíríìsì sílíkóònù díẹ̀ sí i kí omi má ráyè, sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ àtijọ́ ni mo sì dá padà sí i. Owó irin kékeré yẹn kò tó owó tó fi jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Mi ò sọ ìtàn yìí láti fi dá ẹni tó bá a ṣe é tẹ́lẹ̀ lẹ́bi. Bí àmì bá jọra, ọ̀nà tó yá ni kí a pààrọ̀ ohun tí a mọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fa sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn yọ, wọ́n ti dá a padà, wọn ò rí èéhù yẹn. Tí ẹ bá mú báìkì lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì hàn yín kó tó sọ ohun tí ẹ máa rà. Kì í ṣe àrífín. Rìwáyà tó mọ iṣẹ́ kò ní bínú sí i.

Ti sẹ́ńsọ̀ tó gbó lóòótọ́ ńkọ́? Ẹ máa mọ̀ ọ́n nígbà tí fóòtì 5 bá pé, tí earth dúró, àmọ́ tí èsì ń fò. Ọ̀nà tí ẹ fi máa wọ̀n ọ́n ni kí mítà wà lórí wáyà èsì, kọ́kọ́rọ́ ní ṣíṣí, ẹ́ńjìnnì ní pípa, kí ẹ wá máa ṣí ọwọ́ iná díẹ̀díẹ̀ láti títì dé gbayawu, kí ẹ tún máa tì í padà bẹ́ẹ̀. Ẹ má kánjú. Mítà onínọ́ńbà kì í ka ju bí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ẹ bá yí i kíákíá, ibi tó jẹ á kọjá lọ láàárín ìgbà méjì tí mítà kà á, mítà ò ní rí i. Ẹ lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá láti títì dé ṣíṣí. Èmi o, mítà alábẹ́rẹ́ àtijọ́ ni mo fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ yìí. Nọ́ńbà rẹ̀ lè má pé tó, àmọ́ abẹ́rẹ́ kì í purọ́: tí ọ̀nà kábọ̀nù bá dán, abẹ́rẹ́ á gòkè bí ẹni ń gun òkè tí a fi ọ̀dà tẹ́, tí ibì kan bá jẹ, abẹ́rẹ́ á ta, á já wálẹ̀, á tún fò sókè.

Mo ní báìkì kan lọ́wọ́ nígbà kan tó jẹ́ pé láti títì dé 1.1, abẹ́rẹ́ gòkè dáadáa. Ó kan 1.2, ó bọ́ sí òdo bí ẹni tí ilẹ̀ là mọ́ lẹ́sẹ̀, ó sì tún bá wa ní 1.4. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá, ojú kan náà ló ti ń bọ́. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ojú kan náà ni ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ máa wá. Ohun tó bá ń fò kiri, lónìí ní 1.2, lọ́la ní 2.6, tàbí tó ń fò nígbà tí ọwọ́ ò kúrò lójú kan, ẹ tún padà lọ wo wáyà.

Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé sẹ́ńsọ̀ á dára lówùúrọ̀ tí báìkì tutù, á sì bẹ̀rẹ̀ wàhálà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná. Nítorí náà tí ó bá yege ní tútù, tí òsúkè sì ṣì wà, ẹ gùn ún títí á fi gbóná, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ẹ tún lè fi ẹ̀yìn àtẹ̀sí síkúrù (irin tí a fi ń tú síkúrù) kan án pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe ń wo mítà. Pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ ni mo wí.

Tí wáyà fóòtì 5 kò bá ní fóòtì 5 rárá, ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ fa sẹ́ńsọ̀ yọ, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ tún wọ̀n ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Tó bá padà dé, sẹ́ńsọ̀ yẹn ló ń mu ún wálẹ̀. Tí kò bá dé, ẹ rántí pé òun nìkan kọ́ ló ń jẹ níbẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ báìkì, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ ń bá a pín iná yẹn, tí òun bá já, yóò kó tọ́rọ́tù mọ́ra. Ẹ fa òun náà yọ, kí ẹ wò ó.

Àwọn kan fẹ́ràn kí wọ́n fa sẹ́ńsọ̀ jáde, kí wọ́n fi òhm, ìyẹn bó ṣe ń dènà iná tó, wọ̀n ọ́n. Ó dára fún irú onikábọ̀nù: ẹsẹ̀ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máa ń dúró sí nọ́ńbà kan, nǹkan bí òhm 4,000 sí 6,000 lára ọ̀pọ̀ báìkì Japan, ẹsẹ̀ àárín ló sì máa ń yí bí ẹ ṣe ń yí i. Àmọ́ mo fẹ́ràn fóòtì jù, torí tí ẹ bá lo òhm, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti wáyà kò sí nínú ẹjọ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni mo ń fura sí jù. Àwọn báìkì tuntun tó ń lo mágnẹ́ẹ̀tì dípò kábọ̀nù, òhm ò lè sọ nǹkan kan fún yín lórí wọn. Ẹ má tiẹ̀ dán an wò.

Ọgbọ́n kan tún wà tó wúlò fún ẹni tí kò ní mítà lọ́wọ́. Ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ fa sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ yọ, kí ẹ gùn ún jẹ́jẹ́ ní àdúgbò. Lára ọ̀pọ̀ báìkì, brain box á mọ̀ pé kò sí èsì, á tan iná FI, á sì máa fi òye ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Báìkì á wúwo, kò ní dùn gùn. Àmọ́ tí òsúkè yẹn bá dáwọ́ dúró pátápátá, ẹ ti mọ̀ pé ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ tàbí wáyà rẹ̀ ni ọ̀ràn wà. Tí òsúkè kò bá kúrò, ẹ fi owó yín sápò, ẹ lọ wo páńpù epo, fílítà, púlọ́ọ̀gì àti ṣéènì.

Tó bá wá di dandan kí a pààrọ̀ rẹ̀, ibi tí iṣẹ́ rere ti ń bàjẹ́ nìyí. Síkúrù olórí ìràwọ̀ ni wọ́n sábà fi ń dè é, ihò síkúrù náà sì gùn díẹ̀ kó lè ṣeé yí sọ́tùn-ún sósì. Ibi tí wọ́n dè é sí ló pinnu fóòtì tó máa wà nígbà tí ìlẹ̀kùn bá wà ní títì. Kí ẹ tó tú síkúrù, ẹ fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó fa ìlà kan tó kọjá láti ara sẹ́ńsọ̀ bọ́ sí ara throttle body, kí ẹ sì kọ fóòtì títì sílẹ̀. Tí ẹ bá de tuntun, ẹ má fún síkúrù le kó tó jẹ́ pé mítà ti sọ iye tí ìwé báìkì yín fẹ́. Àwọn báìkì kan wà tí ilé iṣẹ́ wọn ní kí ẹnikẹ́ni má tú sẹ́ńsọ̀ kúrò lára throttle body rárá, àpapọ̀ ni wọ́n ń tà á. Ẹ ka ìwé rẹ̀ kí ẹ tó gbé àtẹ̀sí. Kí ẹ má sì yí sẹ́ńsọ̀ láti fi gbé sìlóò sókè. Síkúrù sìlóò wà lọ́tọ̀, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná la sì ń fọwọ́ kàn án.

Mo tún rí àwọn tó ń fi ọ̀bẹ là á, tí wọ́n fọ́n èròjà ìfọ̀mọ́ sínú rẹ̀, tí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ padà. Á ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Kábọ̀nù tó ti jẹ kò ní hù padà, omi òjò àkọ́kọ́ tó bá sì gba ojú ibi tí wọ́n lẹ̀ yẹn wọlé á parí rẹ̀. Ọwọ́ tọ́rọ́tù ni ẹ̀mí wà lórí alùpùpù. Báìkì tó ta síwájú fúnra rẹ̀ níbi tí ẹ ti fẹ́ yà fún tírélà, ẹ ò ní ráyè ronú nípa owó tí ẹ fi pamọ́.

Ọmọkùnrin yẹn gun báìkì rẹ̀ lọ dé Àjàrà, ó sì padà. Mo gbọ́ ọ kí n tó rí i, ìró kan náà láti òkèèrè, kò ta, kò fà. Kó tó lọ, mo ya bébà tépù kan, mo fi báírò kọ nọ́ńbà méjì àti déètì ọjọ́ náà sí i: 0.68 ní títì, 4.25 ní ṣíṣí. Abẹ́ ìjókòó ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, níbi tí rìwáyà tó bá tún ṣí i á ti kọ́kọ́ rí i.